Abẹ́ Igi Wo?

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń wọn ilẹ̀ Rẹ́mọ,
láti Ṣágámù dé Òde, láti Ìṣarà bọ̀ sí Ìkẹ́nnẹ́.
Níbi tí mo bá ti ri píílà mọ́lẹ̀,
kí oṣù ó tó lé, katapílà a ti dé,
arère a wó, obì a wó,
ẹni tó ń kọjá a dúró, a ní,
"Ṣé ibí yìí náà lọ̀nà oko wa?"
Èmi kọ́ ni mo gé wọn.
Okùn ìwọ̀n ni mo fà, owó mi ni mo gbà.

Ìyá Agbẹ̀bí ránṣẹ́ pè mí lẹ́yìn Ìpẹru,
Nọ́ọ̀sì Ẹfúnyẹlá Ọ̀nàsanyà,
tí ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀ ti di ilé àdán.
Ó ní, "Wá wọn igbó bàbá mi."
Mo ní, "Ọ̀nà mélòó la ó gé e sí, Mà?
Púlọ́ọ̀tì ogójì á yọ níbẹ̀ dáadáa."
Ó ń rẹ gààrí lọ́wọ́, kò gbójú sókè.
"Ọ̀kan," ló wí.

Wọ́n ti gbówó wá ká a mọ́lé rí.
Ọkùnrin kan tó wọ bàtà funfun wọnú ẹrẹ̀
tẹ́ àwòrán ẹ̀sítéètì sórí tábìlì:
ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì, igi ọ̀pẹ oníke lẹ́nu géètì.
Màmá wò ó, wò ó.
"Níbo lẹ ní kódò ó gbà?"
Ọkùnrin náà ká àwòrán rẹ̀.
Àwọn ọmọ pè láti Tòróńtò, tohùn tẹkún:
"Ṣé àwa kì í ṣọmọ ni?"
Ó ní, "Ẹ wá máa gbénú rẹ̀ nígbà náà."
Fóònù dákẹ́.

A wọgbó. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko.
Ṣónúgà, ọmọọṣẹ́ mi, fẹ́ fi àdá lànà;
Màmá gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀,
ó ní ká máa yí po.
Èmi ò yí igi po rí láyé mi.
Ìlà tó yẹ kó tọ́ bí ọfà wá wọ́ bí ipa ìgbín,
ó yẹ̀ fún ìrókò, ó yẹ̀ fún ilé ikán,
ó dẹ́bàá odò Ìbù, ó dúró
kí àtíòro méjì ó fò kọjá,
ìyẹ́ wọn ń dún bí ẹni tó ń gbọn ẹní.

Ìdí igi obì kan ló ti jókòó, ó ń mí hẹlẹ.
"Ìwọ́ ọmọ tí mo sin sínú ilẹ̀ yìí lé ní ẹgbẹ̀rún.
Ìyá tí ò nílẹ̀ nílùú, èmi ni mò ń bá a sin tọmọ rẹ̀.
Tìẹ náà wà níbẹ̀,
ìwọ ọmọ Ọdúọlá tó ń tún rédíò ṣe."
Mo ní, "Abẹ́ igi wo, Mà?"
Ó wọ̀tún, ó wòsì.
"Mo ti gbàgbé," ló wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.
"Ìdí tí n ò fi lè ta ìkankan nìyẹn."

Lọ́yà kọ ọ́ síwèé: títà ò sí, yíyá ò sí,
ọmọ ilé ìwé ló ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀,
ẹranko ló ni ìyókù.
Ó bèèrè orúkọ tí wọn ó kọ sára pátákó.
Màmá ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn igi.

Kíláàsì kẹrin ló kọ́kọ́ wọlé.
Wọ́n ka ìgbín dé mẹ́tàdínlógún,
wọ́n jà lórí ìkejìdínlógún;
àwọn kan ní òkúta ni.
Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká eyín iwájú
fẹsẹ̀ kan píílà mi.
"Bàbá, kí lèyí?"
"Ẹnu ààlà ni."
"Ta ni ò gbọdọ̀ kọjá?"
Mo wo ọwọ́ mi, sìmẹ́ǹtì ṣì wà léèékánná.
N ò dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ Ajé, mo tún gbẹ́rọ mi, ó di Ògèrè,
níbi tí wọ́n ti fẹ́ kọ́lé epo.
Àwọn ọmọ mi ń jẹun, n ò níí purọ́.
Ṣùgbọ́n kí n tó ri píílà kìíní,
mo bèèrè orúkọ igi tó dúró níbẹ̀.
Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.
Mo já ewé rẹ̀ kan sápò,
mo gbé e lọ fún Màmá.